Alága Afẹ́fẹ́ àti Òkìtì Tí Kò Gbọ́ Àṣẹ

Láyé àwọn ológun, lọ́dún tí epo mọ́tò wọ́n débi pé àwọn awakọ̀ ń tẹ́ ẹní sùn nílé epo, Ìlá-Ọ̀ràngún ní Alága Afẹ́fẹ́. Ẹ kà á dáadáa. Kì í ṣe alága omi, bẹ́ẹ̀ omi ò sí. Kì í ṣe alága ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà Ọ̀rà ti di kòtò. Afẹ́fẹ́ tó wà lọ́fẹ̀ẹ́, tó ń fẹ́ jẹ́jẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ayé, òun ni wọ́n rí yan alága lé lórí.

Orúkọ ọkùnrin náà ni Adémúyìwá Fádípẹ̀. Ó ní ilé ìlagi ńlá kan lọ́nà Ọ̀rà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní sọ́míìlì. Ó ní ikùn tó máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó sì ní imú. Imú yìí ló gbójú lé jù nínú gbogbo ohun tó ní. Ó gbà pé irú imú bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run ò ní fi ṣòfò sójú ẹni tí kò ní ipò. Nígbà tí wọ́n wá dá Ìgbìmọ̀ Afẹ́fẹ́ Mímọ́ sílẹ̀ fún gbogbo Ọ̀ṣun Ìgbómìnà, ó ní ọkàn òun ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Ènìyàn méje ló yẹ kó wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Alága ní àwọn mẹ́fà yòókù á kàn máa há òun mọ́ ni. Bí òun nìkan ṣe di ìgbìmọ̀ nìyẹn, òun àti akọ̀wé rẹ̀, Àjíṣafẹ́.

Láràárọ̀, bí agogo mẹ́jọ bá ti lù, Alága á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì, á tú bọ́tìnnì ọrùn, á di ojú, á sì mí sínú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn òṣìṣẹ́ á ti tò sísàlẹ̀. Bó bá ti mí tán, àwọn ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin á kúnlẹ̀.

"Ẹ kú mímí, sà!"

Ẹ má rẹ́rìn-ín. À ń kí ẹni tó ń rìn, à ń kí ẹni tó jókòó, à ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé irun. Àjíṣafẹ́ ló rò ó pé kò yẹ kí ẹni tó ń mí fún odindi ìlú má ní ìkíni tirẹ̀. Alága á dáhùn pé, "Ó dáa," Àjíṣafẹ́ á sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan: *Afẹ́fẹ́ dára.* Fún ọdún kan àti oṣù méjì, ìwé náà ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn nínú. Lọ́jọ́ tí ọ̀fìnkìn mú Alága, tí imú rẹ̀ dí pátápátá, Àjíṣafẹ́ kọ ọ́ pé: *Afẹ́fẹ́ dára púpọ̀.*

Ohun kan ṣoṣo ni imú ńlá yìí kò gbọ́ òórùn rẹ̀ rí, ìyẹn sì ni òkìtì tó wà lẹ́yìn sọ́míìlì Alága fúnra rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń da lẹ́búlẹ́bú igi síbẹ̀. Ó ti ga ju òrùlé lọ. Iná kan ti wọ inú rẹ̀ lọ́dún tẹ́nikẹ́ni ò rántí mọ́, kò sì jáde mọ́. Ó kàn ń jó nínú lọ́hùn-ún, jẹ́ẹ́, bí ìbínú ẹ̀gbọ́n tí wọ́n fi ìpín rẹ̀ fún àbúrò. Èéfín rẹ̀ ń yọ́ jáde tọ̀sán tòru. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ń húkọ́ bí àgbàlagbà tó ti fi tábà mímu jẹun. Ṣùgbọ́n nínú ìlú tí gbogbo ilé ti ń fi igi dáná, ta ló fẹ́ mọ èéfín ta ni?

Ẹ̀gbẹ́ òkìtì yìí gan-an ni àwọn obìnrin méjìdínlógún tó ń yan gàrí pa àtíbàbà wọn sí. Ẹfúnróyè ni olórí wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti húkọ́ lọ́nà Ọ̀rà, Alága á nàka sí agbada gàrí, á ní, "Ẹ ò rí wọn?"

Ibi tí nǹkan dé nìyẹn tí lẹ́tà fi wọlé láti Àbújá. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ ṣe ètò tuntun lórí afẹ́fẹ́ tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń mí, pé àwọn ò sì fẹ́ jókòó sínú ọ́fíìsì kọ ọ́ fúnra àwọn. Ohun tí ará ìlú bá ní í sọ ni wọ́n fẹ́ gbọ́, láti ẹnu ará ìlú. Dókítà Olúwafọlákẹ́mi Ọláyọdé, ọmọ Ìgbájọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láti wá kọ ọ́ sílẹ̀.

Alága ka lẹ́tà náà títí ojú fi ń ro ó.

"Àjíṣafẹ́, kí ni wọ́n ń pè ní ohùn ará ìlú?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Bí èmi náà ṣe rò ó nìyẹn. Mú gègé."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ará ìlú ti sọ̀rọ̀ kún ojú ewé mẹ́rìnlá. Ará ìlú ní àwọn ò rí irú Alága báyìí rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ará ìlú bẹ ìjọba pé kí wọ́n jọ̀ọ́ mú un lọ sí Àbújá, kó lọ máa mí fún gbogbo Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárò rẹ̀ yóò sọ àwọn. Nígbà tó di ojú ewé kẹtàlá, ará ìlú ní kí wọ́n fòfin de gàrí yíyan láàrin ìlú, kí wọ́n sì ti àtíbàbà ọ̀nà Ọ̀rà pa ní Ọjọ́ Ẹtì, lọ́jọ́ kejì ìpàdé. Ó ṣẹlẹ̀ pé Alága ń wá ibi tí yóò máa to pákó sí lásìkò náà. Bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe bára wọn pàdé, ẹ má bi mí.

Ọmọbìnrin tó fi ẹ̀rọ tẹ ìwé náà, ìdí agbada gàrí ni ìyá rẹ̀ wà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ẹfúnróyè ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Obìnrin náà ti lé lọ́gọ́ta. Ó mọ Alága nígbà tó ń wọ ṣòkòtò tó ya nídìí lọ sílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ipò ni ipò, ó fi ọ̀wọ̀ fún un.

"Alága, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní a ní kí wọ́n ti ibi iṣẹ́ wa pa."

"Ará ìlú ló sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá."

"Ṣé àwa kì í ṣe ará ìlú ni?"

"Ẹ wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kì í ṣe gbogbo wọn."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tèmi yàtọ̀."

"Ó dáa. Ẹ gbọ́, Alága. Èéfín yìí ń pa àwa náà. Ẹ wo ojú mi, omi ló ń dà láti àárọ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ bá wa kọ síbẹ̀ ni pé kí wọ́n bá wa mọ ààrò tó ní ihò èéfín gíga, kó máa gba òkè lọ. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bá wa kó òkìtì yẹn. Àmọ́ kí ẹ tì wá pa? Ọmọ mẹ́rin ni mò ń bọ́ nídìí agbada yìí, Alága. Ọmọ ọmọ ni wọ́n. Ìyá wọn ò sí mọ́."

"Òkìtì wo lẹ ń sọ?"

"Èyí tó ga ju ilé yín lọ."

"Áà, Ìyá!" Alága mi orí bí olùkọ́ tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ já kulẹ̀. "Igi nìyẹn. Ṣé igi lè ba afẹ́fẹ́ jẹ́? Ara igi ni afẹ́fẹ́ ti ń wá."

Àjíṣafẹ́ pàtẹ́wọ́. Ẹfúnróyè wo Alága, ó wo Àjíṣafẹ́, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n kó ìlú jọ sí gbọ̀ngàn fún ìdánrawò. Alága dúró lórí àpótí.

"Àlejò yóò bi yín ní ìbéèrè. Ẹ má da ara yín láàmú rárá. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ẹ̀: Bí Alága ṣe wí ni. Ó yá."

"Bí Alága ṣe wí ni."

"Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ẹ jẹ́ kó ti inú wá!"

"Bí Alága ṣe wí ni!"

Bàbá Bámgbóyè, àgbà adẹ́mu tó ti gun ọ̀pẹ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi tẹ̀, nawọ́ sókè. "Bí wọ́n bá bi mí pé kí lorúkọ mi ńkọ́?"

"Bí Alága ṣe wí ni, Bàbá."

"Kí n má sọ pé Bámgbóyè ni mí?"

"Bàbá, ẹ má ba iṣẹ́ jẹ́."

Ìdánrawò mẹ́ta ni wọ́n ṣe. Láàrin ìkejì àti ìkẹta ni ọgbọ́n ńlá kan wọ orí Alága, tó fi jókòó lójijì. Bí àlejò bá ń bọ̀ wá wo afẹ́fẹ́, ṣé kò yẹ kí afẹ́fẹ́ náà wọṣọ? Nígbà tó di Ìṣẹ́gun, mọ́tò ìkéde ti ń yípo ìlú: ní Ọjọ́bọ̀, láti ìdájí títí àlejò yóò fi lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná. Kò sí àkàrà, kò sí ẹ̀kọ gbígbóná, alágbẹ̀dẹ kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹwìrì. Kódà kí àwọn tó ń mu sìgá lọ mu ún ní Ọ̀rà.

"Kí la fẹ́ jẹ lọ́jọ́ náà?" ni àwọn obìnrin ń bi ara wọn lábẹ́ àtíbàbà.

Ẹfúnróyè ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ yé pariwo. Oúnjẹ wo lẹ mọ̀ tí wọ́n ń jẹ láìdáná?"

Gbogbo wọn yíjú sí àpò gàrí tó tò jọ lẹ́yìn wọn. Lọ́jọ́ méjì sí i, kò ku gàrí tó tó agolo kan lọ́jà. Alága tó fẹ́ ti ibi iṣẹ́ wọn pa ló bá wọn tà á tán.

Ní Ọjọ́rú, Ògúntúndé, ọ̀gá àwọn tó ń la igi ní sọ́míìlì, wá bá Alága. Kì í ṣe ènìyàn tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Alága, òkìtì yẹn ṣì ń rú èéfín o."

"Ṣé kò gbọ́ ìkéde ni?"

Ògúntúndé wò ó, kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín. "Inú ló ti ń jó, sà. Bí a bá da omi lé e, òkè rẹ̀ nìkan ló máa tutù. Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́bìrì tú u palẹ̀. Á gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì."

"Àlejò ń bọ̀ lọ́la, ìwọ ń sọ ọ̀sẹ̀ méjì fún mi. Lọ pe ọkọ̀ táńkà omi."

"Omi á jẹ́ kó burú sí i, sà. Á kọ́kọ́ dákẹ́. Tó bá wá di ọ̀sán, tí oòrùn..."

"Nínú èmi pẹ̀lú ẹ, ta ni alága afẹ́fẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Wọ́n da táńkà méjì sí i. Òkìtì náà ṣe ṣììì, ó sì dákẹ́. Alága nàka sí i, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí ajá rẹ̀ jókòó nígbà tó ní kó jókòó. "Ṣé o rí i? Ohùn ló fẹ́ gbọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, ojú ọ̀run Ìlá mọ́ lọ́nà tí àwọn àgbà ní àwọn ò rí rí. Ọkùnrin kan gun òrùlé, ó ní òun ń rí òkè Ìgbájọ. Ẹlòmíràn ní òun ń rí Ọ̀rà. Ẹni kẹta ní òun ń rí Àbújá, wọ́n ní kó sọ̀kalẹ̀.

Pápá ilé ẹ̀kọ́ ọ̀nà Ọ̀rà ni Alága ní kí wọ́n ta ìbòòrùn sí dípò gbọ̀ngàn, kí àlejò lè fi ojú ara rẹ̀ rí àtíbàbà gàrí tí ará ìlú fẹ́ kí wọ́n tì. Dókítà Ọláyọdé dé ní agogo mẹ́sàn-án, obìnrin tín-ínrín kan tó gbé ìwé ìkọ̀wé kan ṣoṣo lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rántí pé àlejò gbọ́dọ̀ jẹun. Iyán kò ṣeé ṣe, kò sí iná. Ìrẹsì kò ṣeé ṣe. Nígbà tó yá, Àjíṣafẹ́ gbé gàrí rírẹ wá nínú abọ́ tánganran, pẹ̀lú ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Dókítà bù ú sẹ́nu, ó tún bù ú. "Gàrí yìí mà dára o. Ó gbẹ, ó sì kan. Ta ló yan án?"

"Ìgbìmọ̀ wa ni, mà," ni Àjíṣafẹ́ dáhùn.

Lórí bẹ́ǹṣì iwájú, Ẹfúnróyè hú ikọ́ tí kì í ṣe ikọ́.

Alága wá dìde. Ó kí ẹ̀fúùfù láti ìlà oòrùn, ó kí tìwọ̀ oòrùn, ó kí àwọn méjì tó kù, ìyẹn nìkan sì gba ogójì ìṣẹ́jú.

"Èmi Adémúyìwá! Imú Ọ̀ṣun Ìgbómìnà! Ihò méjì tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń gbà mí! Ẹ gbójú sókè. Ta ló gbá ojú ọ̀run yìí mọ́? Ṣé ọwọ̀ lẹ rí lọ́wọ́ mi? Àṣẹ ni mo fi gbá a! Mo fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ sínú ètò orílẹ̀-èdè, Dókítà, kí gbogbo ìpínlẹ̀ tẹ̀lé e: ẹnikẹ́ni tí èéfín rẹ̀ bá jáde lónìí, ìbáà ṣe bàbá tó bí mi lọ́mọ, kí wọ́n ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ pa! Bó bá wà nípò, kí wọ́n yọ ọ́! Kó sì fi orí ara rẹ̀ ru eérú rẹ̀ kúrò níbẹ̀!"

"Bí Alága ṣe wí ni!"

"Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, sà?" ni Dókítà béèrè.

"Ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Oòrùn sì mú.

Ọmọ kan ló kọ́kọ́ húkọ́ nínú kíláàsì. Lẹ́yìn náà ni ohun funfun kan yọrí lẹ́yìn sọ́míìlì, ó sanra, ó tutù, ó wúwo, ó ń yí gbirigbiri bọ̀ bí òwú tí wọ́n tú láti inú àpò. Lọ́jọ́ mìíràn, ta ni ì bá rí i? Á ti bọ́ sáàárín èéfín igba ilé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, nínú ojú ọ̀run tí wọ́n ti fi àṣẹ gbá mọ́, òun nìkan ló dúró síbẹ̀ bí ẹni tó pẹ́ dé ìpàdé.

"Kí nìyẹn?" ni Dókítà béèrè.

Alága yíjú wò ó, ó tún yíjú padà. "Ìkùukùu ni."

"Bí Alága ṣe wí ni!"

"Ìkùukùu tó ń jáde látinú ilẹ̀?"

"Ìkùukùu tiwa níbí yàtọ̀, mà," ni Àjíṣafẹ́ wí.

Ìkùukùu náà kọjá ọ̀nà, ó rọra wọ abẹ́ ìbòòrùn, ó sì jókòó láàrin àwọn èèyàn ńlá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ láti orí àga ọlọ́lá dé orí bẹ́ǹṣì. Alága húkọ́ títí fìlà rẹ̀ fi ṣubú. Àjíṣafẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára, ṣí ìwé ńlá, ó kọ *Afẹ́fẹ́ dára*, omi ojú sì ń kán sórí rẹ̀.

"Àwọn... àwọn alágàrí ni!" ni Alága fi ikọ́ wí, ó nàka.

Gbogbo ojú yí sí bẹ́ǹṣì iwájú. Àwọn obìnrin méjìdínlógún jókòó pé, wọ́n ká ọwọ́ sórí itan, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn wọn. Dókítà dìde. Ó kọjá ọ̀nà, ó wọ abẹ́ àtíbàbà, ó sì ti ọwọ́ bọ inú eérú ààrò. Ó tutù. Ó fi ọwọ́ nu aṣọ ara rẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìn lọ síbi tí èéfín ti ń wá. Ìlú tẹ̀ lé e. Alága ń sáré lẹ́yìn wọn, ó ń sọ pé, "Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, mà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Wọ́n dé ìdí òkìtì.

"Ta ló ni èyí?"

Bàbá Bámgbóyè rántí iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ. "Bí Alága ṣe wí ni."

"Alága, kí lẹ wí?"

Alága la ẹnu láti fèsì. Èéfín wọ ọ́ lẹ́nu, Alága sì tún pa á dé. Ògúntúndé ló ṣí fìlà. "Tiwọn ni, mà. Mo sọ ọ̀rọ̀ omi yẹn fún wọn."

Dókítà ṣí ìwé rẹ̀, ó wo ibi tó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ. "Ẹ̀yin ará ìlú, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe fún ẹni tó ni ín?"

"BÍ ALÁGA ṢE WÍ NI!"

Àwọn tó wà ní Ọ̀rà ní àwọn gbọ́ ọ. Ìdánrawò mẹ́ta kò mú irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde. Èyí ti inú wá.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín dà pọ̀ mọ́ ikọ́. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Ẹfúnróyè ló bọ́ síwájú.

"Dókítà, ọmọ mi, ẹ dákun, ẹ fa ìlà pa apá kan nínú rẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ pé kí wọ́n ti gbogbo ẹni tó ní èéfín pa, torí gbogbo wa la ní in. Ẹ kọ ọ́ pé kí wọ́n mọ ààrò tó ń gbé èéfín sókè fún wa. Ẹ kọ ọ́ pé kí sọ́míìlì dúró títí òkìtì á fi kúrò, torí àwọn ọmọ wọ̀nyí. Kí wọ́n sì máa bi wá kí wọ́n tó ṣe é. Kí wọ́n má tún fi imú ẹnì kan ṣe imú gbogbo wa mọ́."

"Ẹ tún un sọ, Ìyá," ni Dókítà wí. "Ẹ rọra máa sọ ọ́."

Lẹ́yìn èyí, ẹnu ìlú kò ṣeé pa dé mọ́. Alágbẹ̀dẹ sọ tirẹ̀, olùkọ́ sọ tirẹ̀, Bàbá Bámgbóyè kọ́kọ́ sọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ nǹkan mìíràn. Ìwé Dókítà kún. Ó wá ìwé kiri, ó rí ojú ewé mẹ́rìnlá tí Alága fún un, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì kọ ohun tí ará ìlú sọ sẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́ Ẹtì, kò sẹ́ni tó ti àtíbàbà kankan. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni lẹ́tà mìíràn dé. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Fádípẹ̀ fún iṣẹ́ takuntakun, wọ́n sì ní kó lọ sinmi, "gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn tí ẹ fúnra yín fún wa." Wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ jẹ́ ènìyàn méje lóòótọ́, kí Ẹfúnróyè wà nínú rẹ̀. Sọ́míìlì kò ní ṣí títí òkìtì yóò fi tán.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, agogo mẹ́jọ, Àjíṣafẹ́ ti dọ̀bálẹ̀ síwájú àtíbàbà. "Ẹ kú mímí, mà!"

Ẹfúnróyè wò ó. "Kí ló ń ṣe ẹ́? Dìde, gbé igi yẹn fún mi."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ògúntúndé àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ṣọ́bìrì tú òkìtì náà palẹ̀. Àwọn obìnrin ní kí wọ́n máa kó èyí tó gbẹ wá fún àwọn. Bí o bá tẹ lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ inú garawa, tí o sì fi igi dá ihò sí àárín rẹ̀, iná rẹ̀ dára fún agbada, èéfín rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹfúnróyè ló mọ̀ ọ́n. Ọdún mọ́kànlá ló fi mọ̀ ọ́n, ẹnikẹ́ni kò bi í.

Lọ́jọ́ kan láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, Adémúyìwá Fádípẹ̀ yọ látẹ̀yìn sọ́míìlì. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, kò dé fìlà, ọpọ́n lẹ́búlẹ́bú wà lórí rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu àtíbàbà. Àwọn obìnrin dáwọ́ gàrí dúró.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Níbo ni kí n gbé e sí?"

"Níbo ni Alága rò pé ó yẹ?"

Ọkùnrin náà di ojú, ó sì mí sínú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bó ti mọ́ ọn lára. Òórùn gàrí tó ń gbẹ bọ̀ nínú agbada wọ imú náà. Ọdún mélòó ló ti fi ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

"Bí ẹ bá ṣe wí ni, Ìyá."

Ẹfúnróyè sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àpótí rẹ̀. "Sọ̀ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ garawa yẹn, Adémúyìwá. Wá jókòó, kí o rẹ gàrí mu." Ó bu èyí tó gbóná sínú abọ́ fún un. "O kú mímí."

Ó kọ́kọ́ húkọ́ kó tó dáhùn.